Ẹja ni mo lọ pa ní New Jersey, díẹ̀ ló kù kí òkun pa mí

*Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lọ sétí òkun mọ̀ nípa òkìtì iyanrìn, kòtò abẹ́ omi àti àsìkò tí òkun ń kún*

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Àwọn àgbà ló ní omi kì í kún kó bo ẹja lójú, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Àmọ́ àwọn àgbà kò sọ fún wa pé tómi bá kún, kò ní í bo apẹja lójú. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí, omi bò mí lójú, ó bò mí nímú, ó sì rọ́ wọ inú ṣòkòtò mi, lọ́sàn-án gangan, ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ní gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìlàjẹ, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ ìròyìn nípa mi lónìí.

Oṣù kọkànlá, ọdún 2023, lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo lọ kí àwọn èèyàn wa tó wà ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí ti pẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Sátidé, ẹ ò lè bá wọn nílé. Etí òkun ni wọ́n ń lọ. Ìyàwó wọn tiẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkun ni ìyáálé òun. Bí mo ṣe dé, wọ́n ní, “Àbúrò, o ò ní í jókòó sílé máa wo tẹlifíṣàn. Jẹ́ ká lọ wá ẹja abilà.”

Ta ni ẹja abilà?

Ẹja tí àwọn òyìnbó ń pè ní striped bass ni ẹ̀gbọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé ilà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù, àfi bí ẹni pé olóólà ló jókòó tì í. Ẹja ńlá ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Al McReynolds pa ọ̀kan ní Atlantic City, ní New Jersey yìí kan náà, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ páùn 78 àti ààbọ̀. Ẹ bá mi ro ó wò, ìwọ̀n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni! Orí òkúta tí wọ́n tò wọnú òkun ló ti pa á, lóru ọjọ́ tí ìjì ń jà. Ọdún 2011 ni Greg Myerson tó pa tiẹ̀ ní Connecticut tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn wọn páùn 81 lé díẹ̀.

Ẹja yìí kì í gbé ojú kan. Inú odò ló ti ń yé ẹyin nígbà tí ọyẹ́ òyìnbó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, pàápàá àwọn odò tó ṣàn wọ Chesapeake Bay, àti odò Hudson àti Delaware. Tó bá yé ẹyin tán, yóò máa gba etí òkun lọ sí apá àríwá, lọ sí Massachusetts àti Maine. Tí òtútù bá ti ń padà bọ̀, yóò tún máa gba etí òkun sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ yìí, láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, ló máa ń kọjá ní New Jersey, ìgbà náà sì làwọn apẹja etí òkun kì í sùn.

Ibi tá a lọ ni Island Beach State Park, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó máìlì mẹ́wàá, tí òkun wà lápá kan tí ọ̀sà wà lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá mọ bí ilẹ̀ Lẹ́kí ṣe rí, ẹ ti mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, àfi pé kò sí ilé ńláńlá lórí ibẹ̀.

Wọ́n ní kí n wò, èmi ń wá ibi tí màá jù ú sí

Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la débẹ̀, òkun ti fà tán. Mo ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́, mo ti wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà tí wọ́n fún mi, ara mi ti wà lọ́nà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n kò tiẹ̀ mú ọ̀pá tiwọn jáde. Wọ́n gun orí òkè iyanrìn, wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo òkun. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wò?”

Wọ́n ní, “Mò ń kàwé ni. Ìgbà tí omi bá fà ni òkun máa ń ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá kún, á pa á dé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé àwàdà ni. Mo wo iwájú, mo rí i pé ibì kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí omi kò jìn, tí ìgbì ń fọ́ funfun lé lórí. Láàárín èmi àti ibẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ kò ju itan lọ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé tí mo bá dúró lórí òkìtì yẹn, ìwọ̀ mi á jìn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Mo wọ omi, mo sọdá. Ẹ̀gbọ́n pariwo látẹ̀yìn pé, “Wo aago ẹ o! Tó bá ti di aago mẹ́ta, kó o ti padà!” Mo ju ọwọ́ sí wọn pé mo ti gbọ́.

Ẹ gbọ́ o, mi ò wo aago kankan. Ta ló ń wo aago nígbà tí ẹja bá ń fa ìwọ̀? Ẹja kan fà mí lẹ́ẹ̀kan, ó já bọ́. Mo tún jù ú, òmíràn tún fà á. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, omi tí kò ju itan lọ ti di omi àyà. Òkìtì tí mo dúró sí ti ń di omi mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àárín méjì ni mo wà: òkun wà níwájú mi, òkun wà lẹ́yìn mi.

Ẹ̀rù bà mí, mo sáré wọ inú omi láti sọdá. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Kò tíì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí omi fi gbé ẹsẹ̀ mi nílẹ̀. Kò gbé mi lọ sétí ilẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé mi lọ, ó sì yára bí ẹni ń sáré. Kí n tó mọ̀, ó ti yí mi dà, ó ń gbé mi lọ sáàárín òkun. Omi tó tutù bíi ti fíríìjì ń wọ inú ṣòkòtò mi. Mò ń lúwẹ̀ẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí mò ń wò níwájú mi, àmọ́ ṣe ni wọ́n túbọ̀ ń jìnnà sí mi.

Ohùn wọn ni mo gbọ́: “Ju ọ̀pá yẹn nù! Má bá a jà! Ẹ̀gbẹ́ ni kó o gbà! Ẹ̀gbẹ́!” Wọ́n ń sáré létí omi, wọ́n ń nawọ́ sí apá òsì mi. Mo ju ọ̀pá nù. Mo dojú kọ apá ibi tí wọ́n nawọ́ sí, mi ò gbìyànjú láti wá sí ilẹ̀ tààrà mọ́. Bí mo ṣe lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi yẹn jọ̀wọ́ mi. Mo dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, ìgbì náà sì tì mí láti ẹ̀yìn, ó tún tì mí, títí orúnkún mi fi kan iyanrìn. Bẹ́líìtì tí ẹ̀gbọ́n fi dandan so mọ́ mi níbàdí lórí ṣòkòtò rọ́bà náà ni kò jẹ́ kí omi kún un dé ẹsẹ̀. Mo ti bínú sí bẹ́líìtì yẹn láàárọ̀ pé ó há mi jù.

Ẹ̀gbọ́n kò bú mi. Wọ́n kàn wọ́ mi sókè, wọ́n da aṣọ bò mí nínú mọ́tò, wọ́n fún mi ní tíì gbígbóná. Ìgbà tí mo gbọ̀n tán, wọ́n ní, “Ṣé o ti wá ṣe tán láti kàwé báyìí?”

Ìwé tí òkun kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà rèé, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ pa ẹja àti ẹni tó kàn fẹ́ lọ ṣe fàájì.

Abẹ́ òkun kò tẹ́jú. Ní ọ̀pọ̀ etí òkun oníyanrìn, òkìtì iyanrìn kan máa ń wà nínú omi, tó nà gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí etí òkun ṣe nà. Láàárín òkìtì yìí àti ilẹ̀, kòtò gígùn kan wà bíi gọ́tà. Òkìtì náà kì í sì í lọ láìdá, ó máa ń ní ojú ibi tó ti já, bí ìgbà tí ògiri bá ní ẹnu ọ̀nà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n láìwọ omi? Ìgbì ló máa sọ fún yín. Níbi tí ìgbì bá ti fọ́ funfun, omi kò jìn níbẹ̀, orí òkìtì nìyẹn. Níbi tí ìgbì náà bá ti rọlẹ̀ lẹ́yìn tó fọ́, tí omi sì dúdú, kòtò nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún, tó ń fọ́ lósì, ṣùgbọ́n tí àárín kan wà tí kò fọ́ rárá, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ẹlòmíì á rí ibi tó pa rọ́rọ́ yẹn, á ní ibẹ̀ ló dáa jù láti wẹ̀. Áà! Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Gbogbo omi tí ìgbì ń dà kọjá orí òkìtì sínú kòtò, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sí òkun. Kò lè gun òkìtì padà, nítorí ìgbì mìíràn ń bọ̀. Ó máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ nínú gọ́tà yẹn títí tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló máa gbà jáde pẹ̀lú agbára. Omi agbénilọ nìyẹn. Òun ló gbé mi. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i tí ìfófòó àti iyanrìn pípọ́n ń bá a lọ sáàárín òkun, nígbà tí gbogbo ìgbì tó kù ń bọ̀ wá sí ilẹ̀.

Ẹja abilà mọ gbogbo èyí ju èèyàn lọ. Àwọn ẹja kéékèèké, bíi bunker tó jọ ṣáwá tiwa, kò lágbára tí wọ́n fi lè bá omi yẹn jà, ó máa ń wọ́ wọn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Abilà kò ní í dúró sáàárín ibi tí omi ti le. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń dúró dọ́kọ̀ níbi tí títì bá ti fún. Ohunkóhun tó bá kọjá, á gba tiẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí omi àti iyanrìn ti pàdé, kì í ṣe ìlà tó gún. Ibì kan á yọ síta bí imú, ibì kan á wọlé bí abọ́. Níwájú ibi tó wọlé bí abọ́, omi sábà máa ń jìn. Bákan náà, níbi tí etí òkun bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí iyanrìn ibẹ̀ rí ganngan, omi jíjìn kò jìnnà sí ilẹ̀. Níbi tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí iyanrìn kúnná, ẹ lè rìn jìnnà kí omi tó dé yín lórúnkún.

Òṣùpá ló ni aago

Mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé aago mẹ́ta ni kí n padà. Wọ́n ní òṣùpá ló ni aago òkun. Ní etí òkun Amẹ́ríkà lápá ibẹ̀, bíi tiwa náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìdí nìyẹn tí àsìkò fi máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Tí omi bá fà tán ní aago kan ọ̀sán òní, ti ọ̀la á di nǹkan bí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà tó bá fà tán sí ìgbà tó máa kún tán, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà.

Kì í sì í kún bákan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá máa ń para pọ̀ fa omi, òkun á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí òṣùpá bá dá sí méjì, kíkún rẹ̀ kì í pọ̀. Ọjọ́ tí mo lọ yẹn, òṣùpá ku ọjọ́ méjì kó lé. Omi fà sẹ́yìn gan-an, òun ló jẹ́ kí n rí òkìtì yẹn rìn dé. Kò kúkú yé mi pé bó ṣe fà tó náà ló máa ṣe padà wá tó.

Ibi kọ̀ọ̀kan tún ní tiẹ̀. Ní etí òkun New Jersey, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5. Ní Montauk, ní New York, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ṣùgbọ́n ní Cape Cod Bay, ní Massachusetts, ó máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n Montauk lọ sí Cape Cod, òkun á kọ́ ọ lọ́gbọ́n mìíràn.

Ní ti ẹja, omi tó ń rìn ni abilà fẹ́. Tómi bá dúró pátápátá, ó máa ń sinmi. Tómi bá fà, ó máa ń wà nínú ibi jíjìn àti lẹ́nu ọ̀nà. Tómi bá kún, ó máa gba orí òkìtì kọjá wọ inú kòtò, á máa jẹun nítòsí ilẹ̀, nínú ìfófòó ìgbì gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á ju ìwọ̀ bí ẹni fẹ́ sọ òkúta dé Èkó, ẹja sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn wákàtí méjì tó ṣáájú kíkún àti wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e, tó bá sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí, àwọn ò ní í sùn.

Ẹja kàn wá, òfin ní ká jọ̀wọ́ rẹ̀

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ká padà lọ. Ẹnu yà wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà gun òkè iyanrìn, mo kàwé. Mo rí ẹnu ọ̀nà tó gbé mi, mo fi òpó wáyà kan tó wà lẹ́yìn wa sàmì sí i, nítorí tómi bá kún, ẹ ò ní í rí nǹkan kan mọ́. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti yọ bí imú. Orí ilẹ̀ la dúró sí, a kò wọ omi kọjá orúnkún.

Oòrùn ti wọ̀ tán tí nǹkan fi fa ìwọ̀ mi bí ìgbà tí màlúù bá fa okùn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó fà á sí ilẹ̀. Ẹja abilà ni, ó ń dán gbinrin lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì! Mo ti ń wo ọbẹ̀ ata gbígbóná lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n yọ tépù jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n: íǹṣì 34. Wọ́n ní, “Ó ti tóbi jù, dá a padà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi? Ta ló rí wa?”

Wọ́n ní, “Àwa méjèèjì la rí ara wa.”

Òfin tó wà nílẹ̀ láti ọdún 2023 ni pé ẹja abilà tí ẹnì kan bá máa gbé lọ sílé létí òkun yẹn kò gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì 28, kò sì gbọdọ̀ ju íǹṣì 31 lọ, ẹyọ kan péré sì ni lóòjọ́. Ní New Jersey, ẹ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ pa á tà. Òfin yìí kì í ṣe ìkà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ó lé, wọ́n pa ẹja yìí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lé e lórí lọ́dún 1984, ìpínlẹ̀ Maryland sì fòfin de pípa á láti 1985 títí di 1990. Ọdún 1995 ni wọ́n tó kéde pé ó ti padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, ìwádìí tún fi hàn pé wọ́n ti ń pa á jù, iye tó kù ti ń dín kù. Àwọn ńláńlá yẹn, abo ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ló sì ń yé ẹyin tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá pa ìyá, ọmọ wo ló máa pa lọ́dún tó ń bọ̀?

Mo gbé e sínú omi, mo di ìrù rẹ̀ mú díẹ̀ títí tó fi mí dáadáa. Ó gbọn ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Adìẹ la sè lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ gbọ́

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lèyí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Èkó mọ Bar Beach kó tó di ibi tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí. Òkìtì iyanrìn inú omi ni òyìnbó ń pè ní bar. Omi agbénilọ tó gbé mi ní New Jersey, irú rẹ̀ náà ló ń gbé àwọn ọmọ wa lọ létí òkun Èkó nígbà ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, táwọn èèyàn á sì máa sọ pé Ọlọ́kun ló bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ní nílé àwọn ní Ìlàjẹ, ọmọ kékeré ti máa ń mọ ibi tí omi ń gbà jáde kó tó mọ ìwé kà.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń lọ sétí òkun, ẹ kọ́kọ́ dúró, ẹ wò. Ibi tó pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, ẹ sá fún un. Ẹ má rìn lọ sórí òkìtì láìmọ àsìkò tí omi máa padà wá. Tó bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ padà sílẹ̀ tààrà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ títí tó máa fi jọ̀wọ́ yín. Tí agbára kò bá sí, ẹ léfòó, kẹ́ ẹ máa juwọ́, kẹ́ ẹ máa pariwo. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé yín, kó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì tó léfòó sí yín.

Ọ̀pá ìwọ̀ tí mo jù nù, òkun kò dá a padà títí dòní. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti dárí jì í. Wọ́n ní owó ilé-ìwé ni.